Oúnjẹ Lọ̀rẹ́ Àwọ̀: Àlàyé lórí Àkàrà àti Edé ní Ìlú Bàhíà

Àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ti jẹ iyọ̀ tí wọ́n sì ti jẹ epo, tí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a bá sọ ní ṣókí ni í pẹ́ lọ́kàn ọmọ aráyé, ni wọ́n wí pé, "Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀." Ìgbà tí a sábà máa ń pa òwe yìí kò ṣòro láti mọ̀. Bí aboyún bá sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, tí àwọn ìyá ọkọ rẹ̀ fi ọbẹ̀ gbígbóná tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi ń dán; bí ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, tí egungun àyà rẹ̀ tí ó ti yọ síta tún fara pamọ́; bí ọmọ tí ó lọ gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn bá padà wálé tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti jìn sínú, àgbàlagbà tí ó bá rí i yóò mi orí, yóò sì pa òwe náà, gbogbo ẹni tí ó wà ní ìjókòó yóò sì mọ ohun tí ó ń wí. Ìtumọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, òtítọ́ sì ni, nítorí ohun tí a bá fi sí inú ni í hàn ní ara.

Ṣùgbọ́n òwe àwọn baba wa kì í ṣe ohun tí a ń tú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí a sì fi í sílẹ̀. Wọn ì bá ti wí pé oúnjẹ ni oògùn àwọ̀, wọn ì bá sì ti wí pé oúnjẹ ni ẹwà àwọ̀. Méjèèjì ni ì bá sì bá ìtumọ̀ àkọ́kọ́ yẹn mu. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n pè é, Yorùbá kò sì jẹ́ pe ẹni tí ń bá ni jẹ, tí ń bá ni mu nígbà tí ọwọ́ bá dẹ̀, ní ọ̀rẹ́ títí ojú yóò fi rí ọjọ́ ìpọ́njú. Ọ̀rẹ́ ni ẹni tí ó bá ni dé ibi tí ará ilé kò lè bá ni dé, tí ó dúró ti ni nígbà tí a gba aṣọ lára ẹni tí a sì gba orúkọ lórí ẹni, tí ó sì rà wá padà lóko ẹrú bí ó bá ní agbára rẹ̀. Ǹjẹ́ oúnjẹ lè ṣe irú èyí fún ènìyàn? Mo wí pé ó lè ṣe é, ó sì ti ṣe é. Ẹlẹ́rìí tí mo sì fẹ́ pè síwájú nínú àlàyé yìí ni àkàrà tí wọ́n fi edé há nínú, tí àwọn obìnrin aláṣọ funfun ń dín tí wọ́n sì ń tà ní ìlú Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bàhíà ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní acarajé.

Ẹni tí ó bá ti Èkó tàbí Ìbàdàn gúnlẹ̀ sí Salvador, tí ó sì gba àdúgbò Pelourinho tàbí etí òkun Rio Vermelho kọjá ní ìrọ̀lẹ́, òórùn epo pupa tí ń hó lórí iná ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Yóò rí ìyá alákàrà tí ó jókòó lẹ́yìn pẹpẹ ọjà rẹ̀, tí ó wé gèlè funfun, tí ó wọ bùbá funfun àti yẹ̀rì gbàgẹ̀rẹ̀ tí ó bo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ìlẹ̀kẹ̀ aláràbarà sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀wà kékeré olójú dúdú, irú èyí tí àwa náà fi ń ṣe àkàrà, ni ó ti rẹ sínú omi, tí ó ti bó èèpo rẹ̀ kúrò, tí ó sì ti lọ̀ kúnná. Ó ti fi àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí i, ó sì ti fi orógùn ńlá pò ó, ó ti lù ú títí afẹ́fẹ́ fi kún inú rẹ̀ tí ó sì fúyẹ́. Báyìí ni ó ń fi ṣíbí bù ú sínú epo pupa gbígbóná, tí ó ń wú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń pọ́n tí ó sì ń le, nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀. Títí dé ibi yìí, kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò wí pé iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin náà ṣe àjèjì sí òun.

Ibi tí ọ̀nà ti yà ni ibi tí edé ti wọ ọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀kọ tútù, ògì gbígbóná, gaàrí tàbí búrẹ́dì ni a fi ń jẹ àkàrà, bí ìyá alákàrà bá sì fẹ́ràn oníbàárà rẹ̀, ó lè fi edé lílọ̀ sínú ẹ̀wà náà kí ó tó dín in. Ní Bàhíà, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń la àkàrà náà ní àárín, kí wọ́n tó máa há oríṣiríṣi nǹkan sí inú rẹ̀. Wọn a kọ́kọ́ fi vatapá sí i, èyí tí wọ́n fi búrẹ́dì rírẹ tàbí ìyẹ̀fun, edé gbígbẹ, ẹ̀pà, kajú, ata ilẹ̀, omi àgbọn àti epo pupa rò pọ̀ títí yóò fi ki. Lẹ́yìn náà ni caruru, ọbẹ̀ ilá tí wọ́n fi edé gbígbẹ, àlùbọ́sà àti epo pupa sè. Tòmátì àti àlùbọ́sà tútù tí a gé wẹ́wẹ́ a tẹ̀ lé e, wọn a sì wọ́n edé gbígbẹ lódindi lé gbogbo rẹ̀ lórí, pẹ̀lú orí àti èèpo rẹ̀, kí ìyá náà tó béèrè lọ́wọ́ oníbàárà bóyá ó lè gba ata. Èyí tí wọn kò bá dín, tí wọ́n pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sì sè, abará ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀lẹ̀ àti mọ́ín-mọ́ín ti mọ òun náà.

Kì í ṣe òní ni edé àti àkàrà ti mọ ara wọn níbẹ̀. Manuel Querino, ọ̀mọ̀wé adúláwọ̀ tí a bí ní ìlú Santo Amaro ní ọdún 1851, tí ó fi ayé rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí ohun tí àwọn ọmọ Áfíríkà gbé wá sí Bùràsíìlì, kọ ìwé kan lórí oúnjẹ Bàhíà, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1928 lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú. Nínú ìwé náà ni ó ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lọ ẹ̀wà lórí ọlọ, bí wọ́n sì ṣe ń lọ ata, àlùbọ́sà àti edé pọ̀, tí wọ́n ń fi epo pupa dín in, láti fi jẹ àkàrà náà. Ata díndín elédé yẹn fi hàn pé edé ti ń bá àkàrà rìn láti ìgbà náà.

Edé kò sì ṣe àlejò lẹ́nu ọmọ Yorùbá. Àwọn Ìlàjẹ tí ń gbé lórí omi, àwọn ará Ẹ̀pẹ́, àwọn ará Èkó àti àwọn ará Bàdágìrì ti ń kó edé láti inú ọ̀sà àti òkun láti ìgbà ìwáṣẹ̀, èéfín àti oòrùn ni wọ́n sì fi ń gbẹ ẹ́ kí ó lè rin ìrìn àjò dé ọjà òkè. Nígbà tí a wá kó àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí lọ sí Bàhíà, etí ọ̀sà mìíràn tí ó kún fún ẹja, alákàn àti edé ni wọ́n bá ara wọn, nítorí ẹ̀bá ọ̀sà ńlá tí àwọn Potogí sọ ní ọ̀sà Gbogbo Ẹni Mímọ́ ni wọ́n tẹ ìlú Salvador dó sí ní ọdún 1549. Ẹ̀wà náà, ilẹ̀ Áfíríkà ni orírun rẹ̀. Ọ̀pẹ náà, ilẹ̀ Áfíríkà ni orírun rẹ̀, ó sì ti gba ilẹ̀ ní etí òkun ìhà gúúsù Salvador tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ agbègbè kan níbẹ̀ ní etí òkun epo pupa. Ata pupa, ní tirẹ̀, jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì ti ọ̀hún wá bá wa nílé. Ṣáájú kí ó tó dé, atare àti ìyèré ni àwọn baba ńlá wa fi ń mú kí ọbẹ̀ ta lẹ́nu. Ó yẹ kí a mọ èyí, kí a má ṣe rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni oúnjẹ ń gbà rìn.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ìtumọ̀ àkọ́kọ́ òwe wa wọn oúnjẹ yìí, kí a mọ ohun tí ó ń ṣe fún ara ẹni tí ó jẹ ẹ́. Ẹ̀wà tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ yẹpẹrẹ. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ, èròjà amúaradàgbà tó nǹkan bí 23 gíráàmù, nígbà tí ti ìrẹsì kò ju nǹkan bí 7 gíráàmù lọ. Irin tí ẹ̀jẹ̀ fi ń pọ̀ sí i wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni èròjà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní folate, tí wọ́n máa ń kìlọ̀ fún aboyún pé kí ó má ṣe ṣaláìní rẹ̀, nítorí òun ni í ṣe ìrànlọ́wọ́ kí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ inú rẹ̀ lè pé. Ọgbọ́n tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ ẹ̀wà sínú omi kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ sì ju kí èèpo rẹ̀ lè bó lọ: omi náà ń fa díẹ̀ nínú àwọn ṣúgà tí ń mú kí ikùn wú lẹ́yìn tí a bá jẹ ẹ̀wà, iná sì ń pa àwọn èròjà tí kì í jẹ́ kí inú lọ amúaradàgbà dáadáa. Wọn kò kọ́ ọ nínú ìwé. Ojú àti ìrírí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Síbẹ̀ náà, ẹ̀wà nìkan kò pé. Amúaradàgbà jẹ́ àpapọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ èròjà kéékèèké. Èyí tí a ń pè ní lysine, tí ó sábà máa ń wọ́n nínú ọkà àti ìrẹsì, pọ̀ nínú ẹ̀wà, ṣùgbọ́n èyí tí a ń pè ní methionine kò tó nínú rẹ̀. Fítámì B12, tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ara kò lè ṣe aláìní, kò sì sí nínú ẹ̀wà rárá. Ibi tí ọwọ́ ẹ̀wà kò tó yìí gan-an ni ọwọ́ edé tó. Nínú 100 gíráàmù edé tútù, amúaradàgbà tó nǹkan bí 20 gíráàmù. Nígbà tí oòrùn tàbí èéfín bá sì gba omi inú rẹ̀, iye yìí a ju ìlọ́po méjì lọ. Methionine wà nínú rẹ̀, fítámì B12 wà nínú rẹ̀, zinc tí ń mú kí egbò tètè jinná wà nínú rẹ̀, iodine tí kì í jẹ́ kí gẹ̀gẹ̀ yọ lọ́rùn ènìyàn sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì jẹ edé gbígbẹ pẹ̀lú èèpo rẹ̀, bí àwọn ará Bàhíà ti ń ṣe, yóò tún rí kálísíọ́mù tí egungun fi ń le. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí: ẹ̀wà wá láti oko, edé wá láti inú omi, àwọn méjèèjì sì gbé ẹrù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò lè dá gbé.

Epo pupa náà kò dúró lásán. Èròjà tí ó sọ ọ́ di pupa ni ara ènìyàn ń yí padà sí fítámì A, tí ojú fi ń ríran ní àṣálẹ́ tí ara ọmọdé sì fi ń bá àìsàn jà. Fítámì E sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ilá inú caruru, tòmátì àti àlùbọ́sà tútù tí wọ́n gé sí i, àwọn náà ní ipa tí wọ́n ń kó, nítorí ewébẹ̀ àti èso ni í mú kí ìgbẹ́ rọ̀ tí ara sì fi ń rí fítámì C. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, oúnjẹ tí ń fún ara ní agbára ni èyí, ẹni tí ó bá sì jẹ ẹ́ lè ṣe iṣẹ́ agbára títí oòrùn yóò fi wọ̀.

Ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́, kò sì yẹ kí ìfẹ́ tí a ní sí oúnjẹ àwọn baba wa dí wa lójú sí ibi tí ewu wà. Nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú epo pupa ni irú èyí tí ń tètè dì, tí ó sì ń mú kí ọ̀rá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bí a bá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ láìsí ìwọ̀n. Oúnjẹ tí a bá sì dín nínú agbada, bí a kò bá jẹ́ kí epo náà gbóná tó kí a tó bu ẹ̀wà sí i, yóò mu epo yó. Epo tí a ti dín nǹkan nínú rẹ̀ lónìí, tí a tún gbé ka iná lọ́la, tí a tún fi dín nǹkan lọ́túnla, tí ó ti ń yọ ìfofó tí ó sì ti dúdú, kì í ṣe epo mọ́; pupa rẹ̀ ti jóná, fítámì inú rẹ̀ ti lọ, ohun tí ó kù níbẹ̀ sì lè ṣe ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ní jàǹbá. Iyọ̀ tí wọ́n fi ń tọ́jú edé gbígbẹ pọ̀, nítorí náà ó yẹ kí ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ edé náà sínú omi kí ó sì da omi rẹ̀ nù kí ó tó fi sínú oúnjẹ. Àwọn kan sì wà tí ara wọn kò gba edé tàbí ẹ̀pà tàbí kajú, tí ètè àti ọ̀fun wọn lè wú lójú ẹsẹ̀ bí wọ́n bá tọ́ ọ wò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìtìjú mú òun jẹ ohun tí yóò gba ẹ̀mí òun. Ìyá alákàrà tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa pààrọ̀ epo rẹ̀, ọlọ́gbọ́n oníbàárà a sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun fọwọ́ nu ẹnu.

Ìtumọ̀ kejì ni ó kàn wàyí, òun sì ni ó jinlẹ̀ jù. Nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ wó, tí ogun sì gba ilẹ̀ Yorùbá kan ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àìmọye ọmọ wa ni a tà ní Èkó, ní Bàdágìrì, ní Àjàṣẹ́ àti ní etí òkun Dàhòmì, tí a sì kó gba orí òkun lọ sí Bàhíà, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nàgó. Ohun gbogbo ni a gbà lọ́wọ́ wọn. A gba orúkọ wọn, a sì fún wọn ní orúkọ àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì. A ya ọkọ nípa sí aya, a sì ya ìyá nípa sí ọmọ. Ọ̀nà tí a gbà ń lọ ẹ̀wà, bí a ṣe ń pò ó, bí a ṣe ń mọ̀ pé epo ti tó í bu ẹ̀wà sí, ìwọ̀nyí ni aláṣẹ ọkọ̀ kò rí gbà, nítorí inú ọwọ́ àti inú orí ni wọ́n wà. Oúnjẹ bá àwọ̀ wọ ọkọ̀, ó sì bá a gúnlẹ̀.

Ní ilé ìsìn ni ó ti kọ́kọ́ rí ààbò. Àwọn obìnrin Yorùbá, pàápàá àwọn tí wọ́n di àṣà Kétu mú, dá ilé òrìṣà sílẹ̀ ní Salvador, lára èyí tí Casa Branca ti Engenho Velho jẹ́ àgbà, àti Opó Afonjá tí Eugênia Anna dos Santos, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ìyá Aninha, dá sílẹ̀ ní ọdún 1910. Nínú ilé wọ̀nyí, àkàrà kì í ṣe ìpápánu. Oúnjẹ Ọya ni, Ọya aya Ṣàngó, obìnrin bí ọkùnrin, olórí ìjì, ẹni tí ń ti ilẹ̀kùn láìfọwọ́ kàn án. Gẹ́gẹ́ bí a sì ti mọ̀ ọ́n nílé pé àkàrà ni í wu Ọya jẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n mọ̀ ọ́n ní ọ̀hún, níbi tí wọ́n ń pè é ní Iansã. Ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá, tí ìjọ Kátólíìkì yà sọ́tọ̀ fún Bàbárà Mímọ́, ni ìlú Salvador ń wọ aṣọ pupa nítorí Ọya. Oṣù Kẹsàn-án ni ti Cosme àti Damião, tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ àwọn ìbejì, àwọn ọmọdé a sì kọ́kọ́ jókòó yí àwo ńlá ká, wọn a jẹ caruru, àkàrà àti abará kí àgbà kankan tó fọwọ́ kàn án. Ẹni tí ó bá ti rí bí a ṣe ń se ẹ̀wà ìbejì nílé mọ ibi tí àṣà yìí ti ṣẹ̀ wá.

Láti ilé òrìṣà ni àkàrà ti bọ́ sí títì. Ọmọ Ọya tí ó ní ètùtù láti ṣe, tí kò sì ní owó rẹ̀ lọ́wọ́, a máa gba àṣẹ láti dín àkàrà kí ó sì kiri rẹ̀, ohun tí ó bá sì pa ni yóò fi san ohun tí ó jẹ òrìṣà. Ní ìgboro Salvador ní ìgbà oko ẹrú, àwọn olówó ẹrú a máa rán àwọn ẹrúbìnrin wọn jáde láti tajà, kí wọ́n máa mú iye kan wá sílé ní ọjọ́ tàbí ní ọ̀sẹ̀. Èyí tí ó bá lé lórí iye náà jẹ́ ti obìnrin tí ó tà á. Owó kéékèèké yìí, tí a so mọ́ etí aṣọ, tí a kò jẹ, tí a kò mu, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn tọ́jú jọ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, tí wọ́n sì gbé lọ síwájú olówó wọn láti fi gba ìwé òmìnira fún ara wọn, fún ọmọ wọn, nígbà mìíràn fún ẹni tí wọn kò bá tan bí kò ṣe pé wọ́n jọ ti ilẹ̀ kan náà wá. Nígbà tí òfin ìjọba Bùràsíìlì wá fi òpin sí oko ẹrú ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1888, àwọn ìyá ọlọ́jà kan ti wà tí wọ́n ti gba ara wọn sílẹ̀ ṣáájú òfin. Èyí ni ó mú mi wí pé àwọn baba wa kò ṣe àsọdùn nígbà tí wọ́n pe oúnjẹ ní ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ wo ni ó tún ju èyí tí ó fi ara rẹ̀ ra àwọ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tí ó ra àwọ̀?

Okùn tí ó wà láàárín ilé àti ọ̀hún kò sì já. Nígbà náà, ọkọ̀ a máa ti Èkó gbé epo pupa, obì, orógbó, ọṣẹ dúdú àti aṣọ òfì lọ sí Bàhíà, aṣọ òfì náà sì wà lára ohun tí ìyá alákàrà fi ń ṣe ara lọ́ṣọ̀ọ́. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ ńlá tí àwọn Mùsùlùmí Nàgó àti Haúsá dì ní Salvador ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1835, tí ìjọba ibẹ̀ sì le mọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà, ọ̀pọ̀ wọn padà wálé, wọ́n sì tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà ní Èkó. Àwọn náà kò padà wá lọ́wọ́ òfo. Ọjọ́ Ẹtì Rere tí ń ṣáájú Àjíǹde, títí di òní, ni àwọn ọmọ Àgùdà, ìran àwọn tí ó padà wálé yìí, ń fi omi àgbọn se ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní frejon, tí wọ́n sì ń fi ẹja díndín àti ọbẹ̀ edé jẹ ẹ́. Báyìí ni ẹ̀wà, àgbọn àti ohun inú omi lọ tí wọ́n sì bọ̀. Ní Kúbà náà, àwọn ọmọ Lùkùmí, ìran Yorùbá tí ó wà níbẹ̀, ń dín àkàrà fún òrìṣà wọn, orúkọ rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí èyí tí a fún un nílé.

Ó yẹ kí a tún sọ bí àwọn ará Bùràsíìlì ṣe bu ọlá fún iṣẹ́ yìí, nítorí ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa. Ní ọdún 1939, Dorival Caymmi, akọrin ọmọ Bàhíà, àti Carmen Miranda gbé orin kan jáde lórí obìnrin adúláwọ̀ tí ń kiri àkàrà ní òru, gbogbo orílẹ̀-èdè náà sì gbọ́ nípa rẹ̀. Ní ọdún 2005, IPHAN, àjọ ìjọba tí ń tọ́jú ohun àjogúnbá, kọ iṣẹ́ ìyá alákàrà Bàhíà sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo orílẹ̀-èdè náà: kì í ṣe àkàrà nìkan ni wọ́n kọ sílẹ̀, wọ́n kọ ọ̀nà tí a gbà ń ṣe é, aṣọ tí a ń wọ̀, pẹpẹ tí a ń pa, àti ìgbàgbọ́ tí ó gbé e ró. Ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ni wọ́n sì yà sọ́tọ̀ láti fi yẹ́ àwọn obìnrin náà sí. Nígbà tí ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti ọdún 2014 ń bọ̀, tí ó dà bí ẹni pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ni yóò lè tajà ní pápá ìṣeré Fonte Nova, àwọn ìyá alákàrà gbára jọ, wọ́n kọ ẹ̀bẹ̀, wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ wọn jáde, a sì gbà wọ́n láyè láti tà níbẹ̀.

Ìjà mìíràn ṣì wà tí kò tíì parí. Àwọn kan tí ń ta àkàrà yìí, tí ìgbàgbọ́ wọn kò gba òrìṣà, ti fún un ní orúkọ tuntun, wọ́n ń pè é ní àkàrà Jésù, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé wọ́n ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú Ọya. Kò sí ẹni tí ó yẹ kí a lé kúrò nídìí agbada nítorí ibi tí ó ti ń jọ́sìn. Onígbàgbọ́ ń jẹ àkàrà ní Ìbàdàn, Mùsùlùmí ń jẹ ẹ́ ní Ìlọrin, oníṣẹ̀ṣe ń jẹ ẹ́ ní Ọ̀yọ́, ọ̀fun kò sì ya ẹ̀sìn sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá kan, tí ó fi bọ́ ọmọ, tí ó fi kọ́lé, kò yẹ kí ó tún pa orúkọ ìyá náà rẹ́. Kí kálukú máa jọ́sìn bí ọkàn rẹ̀ ti rí, kí ó sì jẹ́wọ́ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́.

Ní ilé níhìn-ín, àkàrà pọ̀ lọ́jà tó bẹ́ẹ̀ tí ojú wa kò fi rí i mọ́. Òun ni a ń fi ṣínu ní òwúrọ̀, òun ni ọmọ ilé ìwé ń rà sáàárín búrẹ́dì, òun ni a ń dín ní agbada rẹpẹtẹ tí a sì ń pín fún àdúgbò nígbà tí arúgbó bá sùn ní ipò àgbà. Àwọn ará Òṣú nítòsí Iléṣà sì ti fi tiwọn gba orúkọ káàkiri. Ìyá alákàrà wa ń jí kí àkùkọ tó kọ, èéfín ń ta á lójú, owó rẹ̀ ni a sì fi rán ọ̀pọ̀ ènìyàn ńláńlá lọ sílé ìwé. Ìyìn ẹnu nìkan kò tó fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa ṣe fún un ohun tí Bùràsíìlì ṣe fún àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ní òkè òkun: kí wọ́n kọ ìmọ̀ rẹ̀ sínú ìwé ohun àjogúnbá, kí wọ́n fún un ní ibi mímọ́ tónítóní tí yóò ti máa tajà tí ẹnikẹ́ni kò ní lé e, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera jókòó tì í láti bá a sọ̀rọ̀ lórí epo àti iyọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí àwọn olùkọ́ sì mú ọmọ ilé ìwé lọ bá a kí wọ́n lè kọ́ bí a ṣe ń pò ó. Kí ìyá tí ó bá ní agbára rẹ̀ sì dá edé padà sínú àkàrà ọmọ rẹ̀, nítorí ara ọmọ tí ń dàgbà nílò rẹ̀, edé ọ̀sà wa kò sì tíì tán.